Ṣé “àpọ̀jù ọ́síjìn” ni ká pè é?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ fún ìwé àlàyé tí a ń kọ fún àwọn tí wọ́n máa kùn lóorun fún iṣẹ́ abẹ: kí á pe ọ́síjìn ní “afẹ́fẹ́ ìyè”, kí á sì pe èyí tó pọ̀ ju ti inú afẹ́fẹ́ lásán lọ ní “àpọ̀jù ọ́síjìn”. N kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Àpọ̀jù ló ká mi lára jù. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wọn nǹkan lásán, ẹ̀bi ló máa ń dá: àṣejù, àjẹjù, àsọjù. Nígbà tí mo kà á sí ìyá àgbàlagbà kan tó ń múra fún iṣẹ́ abẹ ìfun létí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní: “Àpọ̀jù kẹ̀? Ṣé wọn ò mọ ìwọ̀n ni?” Ẹjọ́ tí àwọn oníṣègùn ṣì ń rò lọ́wọ́, pé bóyá ọ́síjìn tó pọ̀ lásìkò iṣẹ́ abẹ kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ kẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti dá a fún un.

Ìdá 21 nínú 100 ni ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú. Ní ọdún 2000, ìwádìí kan lórí 500 aláìsàn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún fi hàn pé ojú ọgbẹ́ 28 kẹ̀ nínú àwọn 250 tó gba ìdá 30, ṣùgbọ́n 13 péré ló kẹ̀ nínú àwọn 250 tó gba ìdá 80. Ní 2009, àwọn oníṣègùn Dẹ́ńmáàkì wo 1,400 aláìsàn, wọn kò rí ìyàtọ̀ kan tó ṣe gúnmọ́. Nígbà tí wọ́n sì tọpa wọn fún ìgbà pípẹ́, ikú pọ̀ sí i láàárín àwọn alárùn jẹjẹrẹ tó gba ìdá 80. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gbogbo ẹnu dámọ̀ràn ìdá 80 ní 2016 fún àgbàlagbà tí wọ́n ki rọ́bà sí ọ̀nà èémí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2018 wọ́n dẹ ohùn wọn sílẹ̀.

“Afẹ́fẹ́ ìyè” ní tirẹ̀ ń dá àre. Ta ni yóò gbọ́ orúkọ yẹn tí yóò gbà pé ó lè mú kí àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró pa dé, tàbí pé òun ló fọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tí oṣù wọn kò pé lójú ní àwọn ọdún 1940 sí 1950? Ọ́síjìn tí àwọn èèyàn ti ń pè é tẹ́lẹ̀ tó.

Àbá tèmi ni pé kí á kọ “ọ́síjìn púpọ̀”, kí iye rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, fún ohun tí ẹ̀rọ ń fún aláìsàn. Kí á fi “àpọ̀jù” pa mọ́ fún ìgbà tí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá ohun tí ara ń lò, nítorí ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti fi wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ pàápàá kò lè fi àpọ̀jù yìí hàn: tó bá ti dé 100, ibẹ̀ ló dúró sí, bó ti wù kí ti inú ẹ̀jẹ̀ ṣì máa gòkè tó.

Mo padà ka èyí fún ìyá náà: “A óò fún yín ní ọ́síjìn púpọ̀, ìdá 80 nínú 100, nígbà tí ẹ bá wà lójú oorun.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ 80. Mo bá a kọ ìbéèrè náà sẹ́yìn ìwé fún dókítà rẹ̀.