Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n fi lé ọ jáde rí?

Ayálégbé: Onílé mi ò lé mi o. "Lé" ò jáde lẹ́nu ẹ̀ rí. Ohun tó sọ ni pé òun fẹ́ tún ilé ṣe, mo tiẹ̀ dúpẹ́! Ó tún padà wá, ó ní, "Ṣé ẹ ti ń wá ibòmíì báyìí?" Ìgbà yẹn ni ojú mi tó là. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá kápẹ́ńtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú ilẹ̀kùn mi, ó ń da ìṣó sínú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Wọn ò tì mí, wọn ò wọ́ mi, wọn ò ju ẹrù mi síta. Ilẹ̀kùn ni wọ́n yọ, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi jáde. Kí ni ká wá pe ìyẹn?

Akọ̀wé Àná: Ọ̀gá mi ní kí n lọ rọ́kún nílé ná. "Ná" yẹn ni mo dì mú. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mò ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, tí mò ń lọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló bi mí pé, "Kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ńkọ́?" Mo ní wọ́n ti gbà á. Ó mí kanlẹ̀: "Àbúrò, ẹni tí wọ́n ní kó lọ rọ́kún ṣì lè padà. Ìwọ, wọ́n ti fọwọ́ òsì júwe ilé fún ọ." Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ìwé gbélé-ẹ dé. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé wọ́n rọ̀ mí lóyè o, oyè wo ni mo jẹ?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta: Ọmọ mi ti iléèwé dé tomijé-tomijé: "Mọ́mì, tíṣà lé mi!" Mo ní, "Ṣé ó lé ẹ bá?" Ẹsẹ̀ mi ti ń wá bàtà. Ọmọ ń wò mí. "Rárá, ó ní kí n bọ́ síta, ariwo mi pọ̀ jù." Ó yẹ kó ní "lé mi jáde", ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọmọ tó ń sunkún ní gírámà?

Ayálégbé: Akọ̀wé, ìwọ ò ní kọ́kọ́rọ́, èmi ò ní ilẹ̀kùn. A bára wa mu.