Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọn ò fìyàtọ̀ sáàárín "common knowledge" àti "common sense"

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn àgbàlagbà mẹ́fà kan ní Ṣáínà ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé "It is common sense that Beijing is the capital of China." Mo ní "common knowledge" ló yẹ kó lò. Ó ní ṣebí ọ̀kan náà ni. Mo ṣàlàyé títí, kò yé wọn. Ó dùn mí gan-an, torí wọ́n ń sapá. Ẹlòmíràn nínú wọn, ibi iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń bọ̀ tó bá wọ kíláàsì. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìbàdàn ní Guangzhou: Ẹ má bá wọn wí, olùkọ́. Chángshí (常识) ni wọ́n ń pe méjèèjì. Pé Beijing ni olú-ìlú, chángshí ni. Pé èèyàn kì í fi ọwọ́ tútù kan wáyà iná, chángshí náà ni. Àwa ní làákàyè lọ́tọ̀, a sì ní ohun tí tajá tẹran mọ̀ lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú un: ohun téèyàn lè fi orí ara rẹ̀ rò láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un, common sense nìyẹn. Orúkọ olú-ìlú kò ṣeé rò, àfi kéèyàn gbọ́ ọ.

Ìyá Olùkọ́: Òótọ́ ni. Ẹ tún ṣọ́ zhòng suǒ zhōu zhī (众所周知), ìyẹn "gẹ́gẹ́ bí gbogbo èèyàn ṣe mọ̀". Òun ni wọ́n fi ń ṣí àròkọ, tí wọ́n á wá sọ ọ́ di "As is known to all". Kò ta ko gírámà, àmọ́ kò dùn létí ẹni tó ni èdè. "It's common knowledge that…" ni kí wọ́n máa kọ. Kò gba "a" níwájú, kò gba "s" lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn; kí bírò pupa nìkan má ṣe sọ̀rọ̀.

Àbúrò yín: "Open secret" wá ńkọ́, ẹ̀yin àgbà?

Ọmọ Ìbàdàn ní Guangzhou: Ìyẹn kò ní yọ wọ́n lẹ́nu rárá. Gōngkāi de mìmì (公开的秘密) ni, ọ̀rọ̀ méjèèjì bára mu wẹ́kú. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ ní gbangba.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé, mo dúpẹ́ púpọ̀. Wáyà iná àti olú-ìlú ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, màá sì ní kí kálukú mú àpẹẹrẹ méjì wá láti ilé rẹ̀.