Èwo ni wọ́n kó mọ́ èwo? Lórí "ìdàpọ̀" àwọn yunifásítì

Ẹ̀yin èèyàn wa, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìròyìn bi wá lọ́jọ́ Àìkú pé kí ni kóun pe "merger" nínú ìròyìn kan láti ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti kó àwọn yunifásítì ìjọba tí nǹkan ò rọgbọ fún jọ, tí wọ́n sọ mẹ́ta-mẹ́ta di ẹyọ kan. Ìdáhùn rọ́ wọlé. Ọ̀pọ̀ yín ní "ìdàpọ̀", àwọn kan ní "ìsọdọ̀kan", ẹnì kan sì fi ẹ̀fẹ̀ sọ pé "ìgbémì". Ẹ fi ìgbémì rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, ẹlẹ́fẹ̀ yẹn nìkan ló béèrè ohun tó yẹ ká béèrè: ta ló jẹ ta?

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti ká mi mọ́. Ní 2011, ìdí títúmọ̀ ìròyìn lèmi náà wà, ní rédíò kan. Ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ní Èkìtì kéde pé yunifásítì mẹ́ta tí ìpínlẹ̀ ní yóò di ọ̀kan: ti Adó, tí gbogbo ayé mọ̀ sí UNAD, TUNEDIK ti Ìkẹ́rẹ́, tó wà fún ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, àti USTI ti Ìfàkì, tó wà fún sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìjọba Ṣẹ́gun Òní tó ṣáájú ló dá méjì tó kẹ́yìn sílẹ̀, wọn ò tíì gbó rárá. Owó ìpínlẹ̀ ò sì ká mẹ́ta. Orúkọ tuntun wá di Ekiti State University, EKSU. Mo kọ ọ́ pé, "Ìjọba Èkìtì ti da yunifásítì mẹ́ta pọ̀." Ó dùn létí, wọ́n kà á. Kò pẹ́ tí ìròyìn parí ni ìyá kan pe ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wa. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Èwo ni wọ́n dà mọ́ èwo?"

N kò rí èsì fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí màmá ń bi mí ni gbólóhùn mi fi pa mọ́. "Pọ̀" máa ń sọ pé ẹgbẹ́ ni àwọn tó pàdé. "Mọ́" ń jẹ́ ká mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Mo ní, "Wọ́n kó Ìkẹ́rẹ́ àti Ìfàkì mọ́ Adó ni, mà." Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó yé mi wàyí. Ọmọ mi á wá máa wọkọ̀ lọ sí Adó nìyẹn."

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá "pọ̀" rìn, kálukú ló ní ìwà tirẹ̀. Bí ẹ bá da epo pupa àti òróró pọ̀ sínú ìgò kan, kò sẹ́ni tó tún lè bu epo pupa nìkan jáde. Bí ẹ bá so ewúrẹ́ méjì pọ̀, ẹ ó tú wọn tó bá dalẹ́. Bí wẹ́dà bá jó irin méjì pọ̀, ó di ẹyọ kan lóòótọ́, àmọ́ ẹ ó rí àpá ibi tí wọ́n ti jó o. Télọ̀ ní tirẹ̀ lè rán aṣọ mẹ́ta pọ̀ di bùbá kan, ẹni tó bá wò ó á ṣì máa sọ pé apá yìí ni ti àdìrẹ tó ṣẹ́kù, ọrùn yìí ni ti léèsì. "Ìdàpọ̀" tí gbogbo yín sáré mú, ti inú ìgò ni. Ó tún ní adùn ṣọ́ọ̀ṣì lára, torí "ìdàpọ̀ ti Ẹ̀mí Mímọ́" tí a ń fi tú ìsìn ká. Bóyá ìdí tí àwọn olóṣèlú fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Òun náà ni ìwé ìtàn lò fún ohun tí Lugard ṣe sí Gúúsù àti Àríwá ní 1914, a ò sì tíì gbọ́ pé wọ́n yé jiyàn lórí ìyẹn.

"Ìsọdọ̀kan" ò kún mi lójú. Ibi tí wọ́n ń lọ ló ń sọ, kò sọ ohun tí wọ́n ṣe.

Tí a bá fẹ́ ọ̀rọ̀ fún irú ti Èkìtì, "mọ́" ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe tuntun sí wa: a ní "àsomọ́" tí a ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà, a ní "àfòmọ́" nínú gírámà, èyí tí àwọn onímọ̀ èdè yá lọ́wọ́ ewé tó ń hù lórí igi kòkó ẹlòmíì. Igi kòkó ló ń jẹ́ igi kòkó lọ. Mo kọ́kọ́ ro "àdàmọ́", àmọ́ àwọn ẹlẹ́sìn ti ní "àdámọ̀" fún ẹ̀kọ́ òdì, a sì tún ní "àdámọ́" fún ìwà tí a bí mọ́ni. Ẹni tí kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ (a mọ ara wa) á sọ gíwá di aládàámọ̀. Ni mo bá bọ́ sí "àkómọ́", láti inú "kó mọ́". Ẹ jọ̀ọ́, kó má ṣe jẹ́ "ìkómọ́", torí orí fóònù á sọ ọ́ di ìkómọ, àwọn èèyàn á máa béèrè ibi tí jọ̀lọ́ọ̀fù wà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìkómọ náà ò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Yunifásítì Adó ti jẹ orúkọ bí àbíkú. Nígbà tí ìjọba Ajásin ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Èkìtì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn, dá a sílẹ̀ ní 1982, Obafemi Awolowo University ni wọ́n sọ ọ́, kí Ifẹ̀ tó gba orúkọ yẹn ní 1987. Ó di Ondo State University ní 1985, ó di UNAD lẹ́yìn tí Èkìtì dá dúró, ó wá di EKSU. Ìkómọ mẹ́rin. Ìkẹ́rẹ́ ńkọ́? Ní 2020, Fáyẹmí kan náà, nígbà tó padà dé ìjọba, sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ di yunifásítì, ó fi orúkọ Bámidélé Olúmilúà sọ ọ́. Ẹni tó bá ní "ìdàpọ̀" kó wá sọ fún mi bí epo ṣe jáde kúrò nínú òróró.

Ó wá ku Pennsylvania tí ẹ̀gbọ́n ń túmọ̀. Yunifásítì 14 ni ètò ìpínlẹ̀ yẹn ní tẹ́lẹ̀. Láàárín 2010 sí 2020, iye akẹ́kọ̀ọ́ wọn dín ní ohun tó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ní oṣù Keje 2021 ìgbìmọ̀ wọn dìbò, ní oṣù Keje 2022 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: Bloomsburg, Lock Haven àti Mansfield di Commonwealth University, California, Clarion àti Edinboro di PennWest. (California tí mo wí yìí, ìlú kékeré kan ní Pennsylvania ni o, ẹ má fi sí etí òkun.) Ààrẹ kan ló ń darí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan ṣì wà lára ọgbà rẹ̀, ẹgbẹ́ eré ìdárayá kọ̀ọ̀kan sì dá dúró: Huskies ṣì ń bẹ ní Bloomsburg, Bald Eagles ń bẹ ní Lock Haven. Àwọn fúnra wọn ò pè é ní "merger", "integration" ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ télọ̀ nìyẹn, ojú rírán hàn kedere. Mo fẹ́ ká pè é ní "ìránpọ̀".

Ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà kan náà, ṣe tiwọn yàtọ̀. Nígbà tí Armstrong State ní Savannah bọ́ sábẹ́ Georgia Southern ní 2018, ẹgbẹ́ eré ìdárayá rẹ̀ ti túká, orúkọ Armstrong kò sì kù síbì kankan àfi lára ọgbà tó wà ní Savannah. Àkómọ́ pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ ìgbémì, n kò ní bá yín jà.

Kí n má gbàgbé: ẹ jẹ́ ká fi "yunifásítì" sílẹ̀ bó ṣe wà. "Ilé-ẹ̀kọ́ gíga" tí ẹnì kan dá lábàá á kó pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́ ọn, wàhálà míì nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá jẹ́ yín, mo máa kọ ọ́ báyìí: "Pennsylvania rán yunifásítì mẹ́fà pọ̀ di méjì." Bí olóòtú yín bá ní kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ẹ fi bùbá hàn án. Mo ń retí àtakò, pàápàá lọ́dọ̀ ẹ̀yin oní-"ìsọdọ̀kan".