Ìbínú Ọlọ́run lójú ìfẹ́ Rẹ̀: ohun tí à ń bá pàdé nídìí ẹ̀kọ́, ìwàásù àti ìmọ̀ràn

Olùkọ́ kíláàsì Bíbélì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ìbéèrè tó máa ń wáyé jù ní kíláàsì kì í ṣe bóyá Ọlọ́run ń bínú tàbí kì í bínú. Ohun tí wọ́n ń bi wá ni pé: "Ọlọ́run inú Májẹ̀mú Láéláé le, Jésù rọ̀, èwo ni ká dì mú?" Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 144, ìjọ Róòmù yọ olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Marcion kúrò láàárín wọn torí ó sọ Ọlọ́run di méjì, ó ní ti Májẹ̀mú Láéláé kì í ṣe Bàbá Jésù. Kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó lè dúró, àfi kó gé Ìwé Mímọ́. Ìhìnrere kan ṣoṣo tó jọ ti Lúùkù ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, pẹ̀lú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń fo àwọn ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn lónìí, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀, bí kò tiẹ̀ mọ̀.

Ẹ má fi Ìfihàn bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi ìkún omi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí Ẹ́kísódù 34:6-7, níbi tí Ọlọ́run ti fẹnu ara Rẹ̀ pe orúkọ Rẹ̀ sétí Mósè, lẹ́yìn tí Ísírẹ́lì ti yá ère ọmọ màlúù. Ẹ ní kí wọ́n kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò: aláàánú, olóore-ọ̀fẹ́, onípamọ́ra, ẹni tí oore àti òtítọ́ Rẹ̀ pọ̀. Ìgbà tó yá ló tó kan pé kì í jẹ́ kí ẹlẹ́bi lọ láìjìyà. Ìbínú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ òun kọ́ ló ṣíwájú. Èdè Hébérù fi ìbínú sí imú, bí àwa ṣe fi tiwa sí inú. Ohun tí a pè ní "onípamọ́ra" níbẹ̀, "ẹni tí imú rẹ̀ gùn" ni wọ́n wí gan-an, bí ẹni pé èémí gbígbóná náà rin ìrìn jíjìn kó tó jáde.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìran náà pẹ̀lú. Ní apá kan, ìyà dé ìran kẹta àti ìkẹrin; ní apá kejì, àánú dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Diutarónómì 7:9 sì là á pé ẹgbẹ̀rún ìran ni. Kí ẹ tó pa Bíbélì dé, ẹ ka Ìsíkíẹ́lì 18:20, pé ọmọ kì í ru ẹ̀ṣẹ̀ bàbá. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, ẹnì kan á gbé ẹ̀bi bàbá bàbá rẹ̀ lọ sílé.

Ohun tó ń la ènìyàn lójú jù ni ká gbé Jónà àti Náhúmù sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínéfè, ìlú ńlá Asíríà, ni ìwé méjèèjì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ẹ́kísódù 34 yẹn náà ni Jónà 4:2 àti Náhúmù 1:3 ń tún pè. Nínú Jónà, wọ́n fún ìlú ní ogójì ọjọ́, ìlú ronú pìwà dà, Ọlọ́run dá ìbínú Rẹ̀ dúró, wòlíì ló wá ń bínú. Ọlọ́run ní kí Òun má ṣàánú ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ ju ọ̀kẹ́ mẹ́fà lọ bí, pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn? Nígbà tó fi máa di ti Náhúmù, "ìlú ẹ̀jẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ tó parí ìwé náà ń béèrè pé ta ni ìwà búburú rẹ̀ kò tíì kàn. Ọdún 612 ṣáájú Kristi ni ó ṣubú sọ́wọ́ Bábílónì àti Mídíà. Ẹni tí kò mọ ohun tí ogun Asíríà ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè á rò pé Ọlọ́run kàn gbaná jẹ ni. Ẹ wá bi kíláàsì pé: bí Ó bá wo ìlú yẹn tí inú Rẹ̀ kò bàjẹ́, báwo ni a ṣe fẹ́ sọ fún àwọn tí wọ́n ń pa pé Ó fẹ́ràn wọn? Orí mẹ́rin ni Jónà, orí mẹ́ta ni Náhúmù. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ẹni tó ń kọ́ni ní èdè Gíríìkì

Ẹ ṣeun, olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Pọ́ọ̀lù.

Róòmù 1:18 kò sọ pé ìbínú Ọlọ́run *yóò* hàn. Ó ní ó *ń* hàn. Báwo? Ẹ wo ẹsẹ 24, 26 àti 28. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀rọ̀ kan náà jáde, *paredoken*, pé Ọlọ́run yọ̀ǹda wọn. Iná kò ti ọ̀run wá. Ohun tí wọ́n ń fà mọ́ra ni Ó fi wọ́n lé lọ́wọ́. Ẹ wá ṣí i dé 8:32: *paredoken* yẹn náà ló tún wà níbẹ̀, àmọ́ Ọmọ Rẹ̀ ni Ó yọ̀ǹda lọ́tẹ̀ yìí, nítorí gbogbo wa. Ibi tí ìbínú gbé àwa sí, ìfẹ́ gbé Ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń ka Bíbélì Yorùbá nìkan kò ní tètè rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì so kọ́ra.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn dúró sí orí 1. Ẹ ka orí 1 dé 8 ní ìjókòó kan, kí ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ "ìbínú": 1:18, 2:5, 2:8, 3:5, 4:15, 5:9. Lẹ́yìn 5:9, ẹ kò ní rí ìbínú Ọlọ́run mọ́ títí ẹ ó fi dé 9:22. Kí ló wà ní 5:8? Pé nígbà tí a ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Kristi kú fún wa. Ẹ kíyè sí èwo ló ṣáájú. Ọlọ́run kò dúró kí ìbínú rọlẹ̀ kí Ó tó fẹ́ wa. Ìfẹ́ ló rán ẹni tó gbà wá lọ́wọ́ ìbínú.

Ọ̀rọ̀ wa "ètùtù" dára, ó sì lè ṣini lọ́nà. Inú "tù" ló ti jáde, ẹni tí a ṣẹ̀ ni a sì ń tù. Nígbà tí ènìyàn bá bá a pàdé nínú 1 Jòhánù 2:2, ó lè rò pé ènìyàn ló ń kó nǹkan lọ bá Ọlọ́run tí inú ń bí. Ẹ ka 4:10 dé òpin rẹ̀: kì í ṣe pé àwa fẹ́ Ọlọ́run, Òun ló fẹ́ wa, Òun ló rán Ọmọ Rẹ̀ láti jẹ́ ètùtù. Ẹni tí a ṣẹ̀ ló pèsè ètùtù! Léfítíkù 17:11 ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ orí pẹpẹ, Òun ló fi fún wọn. Ọ̀rọ̀ tó wà ní Róòmù 3:25, *hilasterion*, sì ni Bíbélì Gíríìkì àtijọ́ fi pe ìtẹ́-àánú, ọmọrí àpótí ẹ̀rí tí Ẹ́kísódù 25:17 ṣàpèjúwe: wúrà dáradára, ìgbọ̀nwọ́ méjì àbọ̀ ní gígùn, ìgbọ̀nwọ́ kan àbọ̀ ní ìbú. Ibẹ̀ ni olórí àlùfáà máa ń wọ́n ẹ̀jẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1931 ni C. H. Dodd ti ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni a ń nù kúrò, kì í ṣe Ọlọ́run ni a ń tù. Leon Morris dá a lóhùn ní 1955 pé a kò lè yọ ìbínú kúrò níbẹ̀. Lójú tèmi, Dodd rí apá kan tó tọ́. Ó kùnà níbi tó ti sọ ìbínú di ohun tó kàn ń tẹ̀ lé ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ọlọ tí ń yí. Máàkù 3:5 kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀: Jésù fi ìbínú wo wọn yíká, inú Rẹ̀ sì bàjẹ́ nítorí líle ọkàn wọn. Ìbínú àti ìbànújẹ́ wà pa pọ̀ nínú gbólóhùn kan, lára ẹnì kan ṣoṣo.

Oníwàásù

Mo fara mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n, pàápàá èyí tó kẹ́yìn. Ti pẹpẹ ìwàásù ni mo fẹ́ fi kún un.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká fi àpèjúwe bàbá tó ń ṣọ́ afárá rélùwéè sílẹ̀, èyí tí ọmọ rẹ̀ há sínú ẹ̀rọ, tí bàbá sì ti afárá pa lé e lórí kí àwọn èrò ọkọ̀ má baà kú. Ó máa ń pa àwùjọ lẹ́kún, ṣùgbọ́n ó ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Ọmọ yẹn kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Jésù ní kò sí ẹni tó gba ẹ̀mí Òun, Òun fúnra Òun ló fi í lélẹ̀, Jòhánù 10:18. Bàbá inú àpèjúwe yẹn dúró lókèèrè. 2 Kọ́ríńtì 5:19 ní Ọlọ́run wà nínú Kristi. Àwọn èrò kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ìbínú tí à ń wàásù rẹ̀ kò tiẹ̀ sí nínú ìtàn náà rárá. Bí ẹ bá fẹ́ lo adájọ́, ẹ rí i pé adájọ́ fúnra rẹ̀ ló san gbèsè náà, kì í ṣe ẹni ẹlẹ́ni kan tí wọ́n fà wọlé.

Èkejì: a kò gbọdọ̀ fi ìbínú tiwa wọn ti Ọlọ́run. Tiwa máa ń bá wa lójijì, ó máa ń sọ wa di ẹlòmíràn. Augustine, bàbá ìjọ ìgbàanì, ti sọ pé ìbínú Ọlọ́run kì í ṣe ìdàrúdàpọ̀ ọkàn, ìdájọ́ tó ń fi ìyà fún ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn àpilẹ̀kọ mọ́kàndínlógójì tó gbé ìgbàgbọ́ Ìjọ Áńgílíkà kalẹ̀, ti 1571, fi sọ nínú àkọ́kọ́ wọn pé Ọlọ́run kò ní ara, kò ní ẹ̀yà, kò ní irú ìfẹ́ ọkàn tó ń gbé ènìyàn kiri. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn sọ Ọ́ di òkúta. Lactantius, Kristẹni kan tó kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, dá àwọn onímọ̀ tó ní Ọlọ́run kò lè bínú lóhùn pé ẹni tí kò lè kórìíra ibi, kò lè fẹ́ rere. Hóséà 11:8-9 ló so méjèèjì pọ̀ jù lọ. Ọkàn Ọlọ́run yí padà nínú Rẹ̀, Ó ní Òun kò ní mú gbígbóná ìbínú Òun ṣẹ. Ìdí tó sì fún wa ni pé Ọlọ́run ni Òun, Òun kì í ṣe ènìyàn. Àwa ni ìbínú máa ń borí.

Olùgbani-nímọ̀ràn nínú ìjọ

Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń wá sọ́dọ̀ wa kì í wá tìtorí Gíríìkì. Oyún bà jẹ́, iṣẹ́ bọ́, àìsàn dé. Ó ń béèrè pé kí ni òun ṣe tí Ọlọ́run fi ń bínú sí òun.

Ẹ má kọ́kọ́ ṣí Róòmù 1 fún un. Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ pín nǹkan mẹ́ta tó ti pò pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ níyà: ìbínú, ìbáwí, àti wàhálà lásán tó ń bá gbogbo ayé. Fún wàhálà, ẹ ka Lúùkù 13:4, àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa. Jésù ní wọn kò jẹ̀bi ju àwọn tó kù ní Jerúsálẹ́mù lọ. Ẹ fi Jòhánù 9:3 tì í. Fún ìbáwí, ẹ ka Hébérù 12:5-11, kí ẹ sì là á pé ọmọ ni à ń bá wí. Ẹni tó wà nínú Kristi ti bọ́ lọ́wọ́ ìdálẹ́bi, Róòmù 8:1. Ọ̀nà kan wà láti fi dán ohùn tí ó ń gbọ́ wò: ohùn Ẹ̀mí máa ń tọ́ka sí nǹkan kan pàtó tí ènìyàn lè jẹ́wọ́ kó sì tún ṣe. Èyí tó kàn ń sọ pé "o ti dàṣà, o ti bàjẹ́", tí kò dárúkọ ohunkóhun, ẹ má fi pe Ọlọ́run.

Ibi tí nǹkan ti ń dàrú ni kí àwa tí à ń tọ́jú rẹ̀ máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tó fara sin kiri fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe é. Nínú ìwé yẹn, Jóòbù 42:7, àwọn ni Ọlọ́run sọ pé ìbínú Òun ru sí, torí wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa Òun.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tí òbí nà bí ẹní máa kú. Bí ẹ bá sọ fún un pé Ọlọ́run ń bínú bíi bàbá, ọwọ́ tó nà án ló máa rí. Ẹ mú un gba ọ̀dọ̀ Jésù lọ sọ́dọ̀ Bàbá, Jòhánù 14:9, ẹ má ṣe é ní ìdàkejì.

Bí ìbẹ̀rù náà bá gba oorun àti oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, àdúrà nìkan kọ́, ẹ mú un lọ rí dókítà. Bó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Olùkọ́ kíláàsì Bíbélì

Ẹ ṣeun, màmá. Kí ni ẹ máa ń kà fún ẹni tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ ní tirẹ̀, tó ní òun kò fẹ́ gbọ́ nípa ìfẹ́ Ọlọ́run fún ẹni tó ba ayé òun jẹ́?

Olùgbani-nímọ̀ràn nínú ìjọ

Ìbínú Ọlọ́run gan-an ni mo máa ń kà fún un, olùkọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, òun ni ìtùnú rẹ̀. Róòmù 12:19 kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe fún un kò tó nǹkan; ó ní kó fi àyè sílẹ̀ fún ìbínú, torí ti Olúwa ni ẹ̀san. Ẹ má kán an lójú láti dárí jì kó tó sunkún tán. Bó bá jẹ́ ọ̀ràn ìjọba, kó lọ fi ẹjọ́ sùn. Orí 13:4, ẹsẹ díẹ̀ sí i, fi ìyẹn sọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Nígbà tó bá wá béèrè pé ta ni ó ń bínú nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí òun, ẹ fi Ìfihàn 6:16 hàn án. Ìbínú Ọ̀dọ́-Àgùntàn ni wọ́n pè é níbẹ̀, orí 5:6 sì ti sọ bí Ọ̀dọ́-Àgùntàn náà ṣe rí: bí èyí tí a ti pa.