Ẹ jọ̀ọ́, máàpù àtijọ́ wo ni kí n lò? Ọ̀la là ń lọ!

Ìyàwó_Àjò: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. A fẹ́ lọ wá abúlé àwọn baba ńlá ọkọ mi, ó ti di ahoro tipẹ́. Máàpù àtijọ́ wo ló dáa jù? Kò sí àkókò mọ́.

Adéwálé_K: Orílẹ̀-èdè wo? Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, ẹ wo topoView, ìkànnì máàpù àtijọ́ ti USGS, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ya máàpù ilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìyàwó_Àjò: Ẹ má bínú. Scotland ni, apá òkè níbi tí àwọn òkè ńláńlá wà.

Atọ́nà: Ẹ lọ sórí ìkànnì National Library of Scotland. Ẹ wá máàpù Ordnance Survey, iléeṣẹ́ ayamáàpù ìjọba Britain, èyí tó jẹ́ ínṣì mẹ́fà sí máìlì kan, ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́, 1843 sí 1882. Ẹ sún un mọ́ra, kẹ́ ẹ wo àwọn ilé. Èyí tó ní òrùlé, wọ́n kùn ún nínú. Èyí tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí, ìlà lásán ni wọ́n fà yí i ká. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá abúlé ti tú káwọn awọnlẹ̀ tó dé.

Ẹsẹ̀_Oko: Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e o! Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tí mo rí lórí rẹ̀ ni mo tọ̀ lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí mo dé odò, òpó òkúta méjì péré ló kù nínú afárá. Mo ní kí n là á kọjá, ẹrẹ̀ gbé mi dé itan, ilẹ̀ sì ṣú mọ́ mi níbẹ̀.

Bísí_O: Háà, ẹ pẹ̀lẹ́! Ṣé ẹ ò fara pa?

Adéwálé_K: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bi máàpù kọ́. Ẹ ò mú ti òde òní dání.

Ẹsẹ̀_Oko: Ìwọ ò sí níbẹ̀, àbúrò.

Bísí_O: Ẹ mú ẹ̀rọ tó ń wá irin lọ, ẹ lè rí owó àtijọ́.

Atọ́nà: Rárá o! Ẹ má wa ilẹ̀ ibẹ̀.

Ìyá_Ìtàn: Máàpù William Roy, ẹni tó wọn ilẹ̀ Scotland fún àwọn ológun, ni kẹ́ ẹ wò, 1747 sí 1755, kó tó di pé àwọn onílẹ̀ lé ará oko kúrò kí wọ́n lè fi ilẹ̀ náà sin àgùntàn.

Atọ́nà: Mà, Roy fúnra rẹ̀ ní àwòrán ológun tó gbayì ni, kì í ṣe máàpù tó péye.

Ìyá_Ìtàn: Orúkọ ló ń wá, kì í ṣe ìwọ̀n!

Ìyàwó_Àjò: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti tẹ ti Roy jáde. Ọ̀nà míì ni wọ́n gbà kọ orúkọ abúlé náà, àmọ́ bí ọkọ mi ṣe pè é sókè, ó ní bí ìyá àgbà ṣe ń pè é nìyẹn. Máàpù náà la ó mú lọ. Ẹ̀gbọ́n Ẹsẹ̀_Oko, a ò ní wọ omi.