Báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé pọtásíọ̀mù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ tábìlì ẹ́límẹ́ǹtì?
Ẹ ǹlẹ́ o. Láti haidirojíìnì dé argon, kò sí wàhálà nínú pípín ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sí ìpele-ìpele yí ká átọ́ọ̀mù: 2, 8, 8, ó parí. Orí nọ́ńbà 19, ìyẹn pọtásíọ̀mù, ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. A ti sọ fún wọn pé ìpele kẹta lè gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 18, ni wọ́n bá kọ 2, 8, 9. Bẹ́ẹ̀ 2, 8, 8, 1 ni. Ẹyọ kan tó dá wà níta yẹn ló gbé pọtásíọ̀mù sí òpó kìíní, lábẹ́ sodium. Ìpele mẹ́rin tó ní ló gbé e sí ìlà kẹrin.

Tí a bá ní 4s (apá s nínú ìpele kẹrin) ló ń kún ṣáájú 3d (apá d nínú ìpele kẹta), ó ń yé wọn dé scandium (2, 8, 9, 2). Àfi ìgbà tó kan irin! 2, 8, 14, 2 ni, síbẹ̀ tó bá ń di Fe²⁺ (irin tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì), méjì inú 4s ló ń jù sílẹ̀, kò fọwọ́ kan 3d. Wọ́n á ní: ṣebí 4s ló kọ́kọ́ wọlé?

Ṣé ká dúró sórí ẹ́límẹ́ǹtì 20 àkọ́kọ́ ni, àbí ká ti ya s, p àti d sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Èkejì wù mí jù, àmọ́ kí lẹ ń yà sójú pátákó tó fi ń yé wọn?