Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ra treadmill VR sínú ilé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ní awò VR, ìyẹn awò ńlá tí èèyàn ń dè mọ́jú tí á fi dà bíi pé inú gémù gan-an ló wà, Meta Quest 3 ni, gémù tí èèyàn ti ń rìn káàkiri ni mo sì fẹ́ràn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí mo bá ti fi àtàǹpàkò ti páàdì báyìí, tí inú awò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, tí èmi dúró sójú kan, kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òòyì á fi máa kọ́ mi, tí èébì á máa gbé mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tí n bá ra treadmill VR, ìyẹn ẹ̀rọ tí èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ lójú kan kó lè máa lọ nínú gémù, tí mo wá ń fi ẹsẹ̀ ara mi rìn, ó ti parí nìyẹn. Mo ń wo Omni One ti Virtuix àti KAT Walk C2. Yàrá kan ló ṣófo nílé, ibùsùn àlejò ló wà níbẹ̀. Owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré, mi ò sì fẹ́ rà á tán kí n wá máa fi sá aṣọ.

Bàbá Ìbejì: Àbúrò mi, mo ní ọ̀kan. Má rò pé ó dà bíi ti jíìmù o. Kò ní bẹ́líìtì, kò ní mọ́tò tó ń yí i. Àwo ràgàjì kan ni, àárín rẹ̀ jin díẹ̀ bí abọ́, ojú rẹ̀ ń yọ̀. Wàá wọ bàtà tí àtẹ́lẹ̀sẹ̀ rẹ̀ náà ń yọ̀, wàá sì di ìgbànú tó so mọ́ apá irin. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ síwájú, á yọ̀ padà sáàárín. O ní láti fara ti ìgbànú yẹn, bí ẹni tó ń ti mọ́tò tó kú. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mò ń rìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ mi le gbagidi. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹsẹ̀ mi tó gbàgbé pé òun ń yọ̀. Àmọ́ nǹkan kan wà tí mi ò lè fi ṣeré: ẹ̀rọ náà ń mọ ibi tí ìbàdí mi kọ sí, nítorí náà mo lè máa sá lọ síwájú kí n sì máa wo ẹni tó ń lé mi bọ̀ lẹ́yìn.

Ìyá Tólú: Ọ̀rọ̀ òòyì yẹn ni mo fẹ́ fèsì sí. Ojú ń sọ pé à ń lọ, etí inú lọ́hùn-ún tó ń bá wa mọ ìdúró ní irọ́ ni. Ìjà wọn ló ń kọ́ èèyàn lóòyì. Tí ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń dẹwọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ ara ṣì wà lójú kan, ẹ ò lè tan etí jẹ tán. Ọmọ mi ò mọ nǹkan kan lára. Èmi, bí mo bá sáré tí mo ṣàdédé dúró, mo gbọ́dọ̀ bọ́ awò. Ẹ gun ọ̀kan wò kí ẹ tó sanwó.

Gémù-ò-ní-pa-mí: Gémù wo lẹ ń gbá gan-an? Àwọn gémù tí èèyàn ti ń ṣàdédé bọ́ sí ibòmíràn láì rìn débẹ̀ ò wúlò lórí ẹ̀. Omni One sì ń bá awò tiẹ̀ wá o. Èyí tí wọ́n ń pè ní Core ni ti ẹni tó fẹ́ lo awò tó ti ní pẹ̀lú kọ̀ǹpútà.

Ayálégbé: Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ yín ńkọ́? Ṣáà-ṣáà-ṣáà ni bàtà yẹn ń dún. Tèmi fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan àjà rẹ̀ títí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wọn òkè yàrá náà, nítorí orí àwo lẹ máa dúró tí ẹ ó ti na ọwọ́ sókè. Gílóòbù kan ti lọ lọ́wọ́ mi.

Akin: Ṣé treadmill lásán ò lè ṣe é?

Bàbá Ìbejì: Akin, jọ̀ọ́ má dán an wò! Bẹ́líìtì ò mọ̀ pé o ti dúró, ìwọ ò sì rí etí rẹ̀. Mo ṣì ní àpá lórúnkún. Oníbèéèrè, kọ́kọ́ gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Natural Locomotion sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Wàá kàn máa ju apá lójú kan bí ẹni ń rìn, awò á gbé ọ lọ.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo fi téèpù wọn yàrá lálẹ́ àná. Àfi kí ibùsùn àlejò jáde. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Mo ti gbé Natural Locomotion yẹn sórí kọ̀ǹpútà ná. Bí mo bá ṣì ń lò ó lẹ́yìn oṣù kan, màá padà wá béèrè nípa Core.